Ìwé Kìíní Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojúmọ́, àti Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Di Dúdú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ èyí. Dandan ni kí ẹ gbọ́ ọ! Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta tí a kàn ń fi rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ọjà, tí a ó sì ti gbàgbé kí a tó délé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jùbrílù ọmọ Sìlífátù aláró, ní agboolé wọn n'Ìjemò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ ọ̀sán di òru nínú ìwé láìmọ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé kan sì kọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dá ọ̀sán náà padà, bí a bá jẹ́ kí ìyẹn lọ láìsọ, a ò ṣe é re.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí Jùbrílù í ṣe. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé orí páànù ló ti ń tẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò níléèwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé bátànì fún àwọn obìnrin aládìrẹ. Wọ́n á wá bá a, wọ́n á ní ẹyẹ làwọn fẹ́, tàbí ẹja, tàbí adé. Òun á tẹ́ páànù pẹlẹbẹ sórí pákó, á gbé irin tó fi ń gé e àti òòlù, ó di kọ́, kọ́, kọ́. Àwọn obìnrin á gbé páànù náà lé aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á lójú. Ibi tí Jùbrílù bá ti gé e ní ihò, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ ń gbà kọjá sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá sì dì mọ́, aró kò lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ tán, tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ibẹ̀ á yọ funfun báláú, ìyókù á dúdú bí kóró iṣin. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ibi tó bá gé, ibẹ̀ ló ń funfun. Báyìí ni bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ kó tó kú, báyìí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Kò tún nílò kó ronú sí i mọ́, bí ènìyàn kì í ti í ronú kó tó gbé òkèlè sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọkàn Jùbrílù ti kúrò lára ẹyẹ àti ẹja. Ní Láfẹ́nwá, lẹ́bàá ojú irin, bàbá kan wà tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì. Ibẹ̀ ni Jùbrílù ti rí ìwé aláwòrán àwọn òyìnbó, èyí tí àwọn akọni inú rẹ̀ ń fò lójú ọ̀run pẹ̀lú aṣọ lẹ́yìn ọrùn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń rú jáde bí èéfín. Wọn kì í sì í ṣe ẹyọ kan o, ẹgbẹ́ ni wọ́n! Eléyìí ń sáré, tọ̀hún ń gbé òkè, ẹ̀kẹta ò bá èkejì sọ̀rọ̀, síbẹ̀ bí ọ̀tá bá dé, wọ́n á parapọ̀. Jùbrílù kà á tán lórí ìdúró, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé bàbá oníwèé bi í bóyá kí òun tẹ́ ẹní fún un.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé, kí ló dé tí irú wọn ò lè máa gbé n'Ìjemò? Ọdún 1982 nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya tirẹ̀, sẹ́yìn páálí, sára ògiri, sára pákó iṣẹ́ pàápàá. Ó pe ẹgbẹ́ náà ní Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojúmọ́. Mẹ́rin ni wọ́n. Àpáta lágbára, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀fúùfù, ọmọbìnrin ni, bó bá ń sáré bọ̀, ìró gèlè rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Elétí-Ọfẹ lè jókòó sí Láfẹ́nwá kó máa gbọ́ ohun tí tọkọtaya ń bára wọn sọ ní Kọ́bapẹ́, ìyẹn ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Olórí wọn ni Ìmọ́lẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ ń tàn yanran bí oòrùn ọ̀sán gangan. Ọ̀tá wọn ni Ọ̀gànjọ́, òkùnkùn tó gbé ẹ̀wù wọ̀, tó fẹ́ gbé ojúmọ́ ìlú mì káló.

Ìyá rẹ̀ ń rí gbogbo rẹ̀, kò fọhùn, àfi ìgbà tí iṣẹ́ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́.

"Jùbrílù, páànù Ìyá Bùsírátù dà?"

"Ó ku díẹ̀, Ìyá mi."

"Ṣé díẹ̀ tó kù lánàá ni, àbí díẹ̀ mìíràn ni?"

Sìlífátù nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró iṣẹ́, ọwọ́ tí aró ti pa láró dé ìgúnpá láti ìgbà ọmọge rẹ̀, tí ọṣẹ kankan ò lè bọ́ mọ́. Ó fa àpótí, ó jókòó.

"Àlàmú, wá."

Bí obìnrin yìí bá pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ó lè jẹ́ ire, ó lè jẹ́ ẹjọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ ni.

"Páànù ni bàbá rẹ fi tọ́ ọ, páànù ni wọ́n fi mọ ilé yìí. Àwọn obìnrin Ìtòkú tó o rí yẹn, ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wò jẹun. Ọkàn méjì ò ṣe é gé bátànì. Mo ti gbọ́ pé o fẹ́ ṣe ìwé. Ó dáa, ṣe é. Ṣe ẹyọ kan. Bí ayé bá gbà á, mi ò ní bá ọ wí sí i mọ́. Bí ayé bá fi ọ́ ṣẹ̀sín, wàá gbé pẹ́ńsù yẹn sílẹ̀, o ò sì ní gbé e mọ́ láyé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá mi."

"Búra."

Ó fi Ọlọ́run búra. Lẹ́yìn náà ló wá ronú kan ohun kan. "Ta ni yóò wá sọ fún wa bóyá ayé gbà á, Ìyá mi?"

"Èmi kọ́, ìwọ náà kọ́. Gbígbé la ó gbé e kọ́."

Ọ̀rọ̀ gbígbé kọ́ yìí, ó yé Jùbrílù dáadáa. Bí Sìlífátù bá ṣe bátànì tuntun jáde, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó dára. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bó o bá bi èèyàn lójú, ìtìjú ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn ni pé wọ́n á gbé aṣọ tuntun kọ́ sórí okùn níwájú ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹni tó ṣe é á sì lọ jókòó sẹ́yìn àwọn aṣọ tó so rọ̀, kò ní wúkọ́, kò ní yọjú. Á máa gbọ́ ohun tí ẹni tó ń kọjá ń sọ nígbà tó rò pé aṣọ nìkan ló ń gbọ́ òun. Ọ̀pọ̀ bátànì ni wọ́n ti fi báyìí sin kó tó dàgbà.

Bí Jùbrílù ṣe kó sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adétáyọ̀ jẹ́ akọ̀wé níléèwé girama kan, òun ló ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ọ̀gá àgbà sì ti fún un láyè láti lò ó ní Sátidé. Ètò wọn ni pé Adétáyọ̀ yóò tẹ ọ̀rọ̀, yóò fi àlàfo sílẹ̀ fún àwòrán. Jùbrílù yóò gé àwòrán sára páànù. Wọn yóò wá gbé páànù lé àlàfo náà, wọn yóò fi fóòmù tó mu yíǹkì dúdú tẹ̀ ẹ́ lójú, ó parí!

Ẹ ò bá rí bó ṣe gé e! Ó gé ojú Ìmọ́lẹ̀, ó gé àyà rẹ̀, ó gé apá àti itan rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló fi so ara wọn pọ̀ kí páànù má baà já. Nígbà tó kan Ọ̀gànjọ́, ó gé ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan Ọ̀gànjọ́ fúnra rẹ̀ rárá, àfi ojú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, bí oníṣẹ́ gidi, ó dán an wò. Bó ṣe máa ń dán bátànì wò láti kékeré ló ṣe dán èyí náà wò. Ó mú aṣọ funfun kan, ó ra ẹ̀kọ sí i láti orí páànù dé orí páànù, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìkòkò aró, ó sá a, ó ha á. Haa! Ìmọ́lẹ̀ funfun bí òwú tó là lóko. Ọ̀gànjọ́ dúró síbẹ̀, ó dú, ó jinlẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ń kọ mànà.

Sìlífátù gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́. "Ẹ̀kọ rẹ ki jù," ohun tó sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àwọn àkísà ìdánwò yòókù. Ó ká a, ó fi sínú àpótí.

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀wé náà gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ láti Kọ́bapẹ́ pé Asiata, àbúrò Sìlífátù, ti bímọ. Ta ni yóò gbé ẹrù ìyá lọ sí ìkómọ bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀? Jùbrílù kó páànù lé Adétáyọ̀ lọ́wọ́. "Mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Má wulẹ̀ dúró dè mí. Tẹ̀ ẹ́, kó o máa pín in lọ."

Wọ́n ṣe ìkómọ tán lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n padà wọ Abẹ́òkúta. Sìlífátù ní aṣọ tó fẹ́ já fún oníbàárà kan ní Láfẹ́nwá, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gba inú gáréèjì kọjá, Jùbrílù rí awakọ̀ kan, Olúṣẹ̀yẹ tí gbogbo wọn mọ̀, tó fẹ̀yìn ti mọ́tò rẹ̀, tó na ìwé kan síwájú, tí àwọn alábàárù rọ̀gbà yí i ká. Ìwé náà ni!

"Ẹ gbà mí, ẹ wo eléyìí," Olúṣẹ̀yẹ ń pariwo. "Wọ́n ní, 'Èmi ni Ìmọ́lẹ̀, olórí Ẹ̀ṣọ́ Ojúmọ́.' Ìmọ́lẹ̀ wo? Ẹni tó dú bí ìdí ìkòkò! Wọ́n ti mú iná rẹ̀ lọ!"

"Bóyá ó jóná kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni," alábàárù kan sọ, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Jùbrílù yọ orí láàárín wọn, ó wo ojú ìwé. Ìmọ́lẹ̀ dúró síbẹ̀, ó dúdú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ọ̀run ọ̀sán dúdú. Ọ̀gànjọ́, tó yẹ kó jẹ́ baba òkùnkùn, wá jẹ́ ìwé lásán, funfun, òfìfo tó wọ ẹ̀wù, pẹ̀lú ihò dúdú méjì fún ojú. Ibi tó gé ti gba yíǹkì kọjá. Yíǹkì! Kì í ṣe ẹ̀kọ. Kò sí aró tó máa rẹ ìyókù, kò sí ẹni tó máa ha nǹkankan kúrò. Gbogbo ọgbọ́n bàbá rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá dójú tì í ní gbangba Láfẹ́nwá.

Ó sáré bá Adétáyọ̀ nílé.

"Táyọ̀, o pa mí."

"Kí ni mo ṣe? Mo tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe gé e."

"O rí i pé Ìmọ́lẹ̀ dúdú, o ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn! Èmi wo ni n óò sọ fún ayàwòrán pé kó tún àwòrán yà? Ìwọ náà, ṣé ẹ̀kọ lo rò pé mo máa dà sórí ìwé ni?"

Ká sọ òótọ́, ohun tí ọwọ́ Jùbrílù rò nìyẹn. Ó mú kẹ̀kẹ́ Adétáyọ̀, ó ní òun máa kó gbogbo ìwé náà padà, òun máa fi dáná. Bàbá oníwèé lẹ́bàá ojú irin sọ fún un pé kò ku ẹyọ kan lórí àpò sìmẹ́ńtì òun. Àwọn ọmọ iléèwé ti kó wọn lọ, wọ́n tilẹ̀ ti padà wá béèrè èkejì. "Kí wọ́n wá fi dáná ni wọ́n ṣe ń béèrè?" Jùbrílù bi í. Bàbá náà wò ó bí ẹni pé ibà ló ń ṣe é.

Nígbà tó délé, ó fi ìwé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó sì kó pẹ́ńsù rẹ̀ lé e lórí. "Wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín, Ìyá mi. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Mo ti búra, ẹ gbà á."

Sìlífátù ṣí ìwé náà. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n bátànì kì í sá mọ́ ọn lójú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Ẹ̀rín fẹ́ mú un, ó gbé e mì.

"Ṣé a ti gbé e kọ́ ni?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ṣé a ti gbé e kọ́? Ẹ̀rín gáréèjì kì í ṣe àgbékọ́. Àwọn awakọ̀ a máa rẹ́rìn-ín òkú pàápàá. Kó pẹ́ńsù rẹ kúrò lórí ẹní mi títí di ọjọ́ ọjà."

Lọ́jọ́ ọjà Ìtòkú, Sìlífátù tú ìwé náà sí ewé kọ̀ọ̀kan. Ó fi abẹ́rẹ́ òun òwú so wọ́n mọ́ okùn, ewé kan láàárín aṣọ méjì, ewé kan láàárín aṣọ méjì, títí ó fi tò wọ́n tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun àti ọmọ rẹ̀ wá jókòó sẹ́yìn, lórí àpótí kan náà, eékún kan eékún. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí lábẹ́ etí aṣọ.

"Àrẹ̀dú o!" obìnrin kan kí wọn láti òde, bí a ti ń kí aláró. Sìlífátù kò dáhùn. Kì í ṣe àkókò ìdáhùn.

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkankan. Bàtà kọjá, sálúbàtà kọjá. Ẹnì kan dúró, ó ní, "Àwọn aláró ti ń ta ìwé báyìí? Ayé bàjẹ́," ó lọ. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín sí ẹni dúdú tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ó ní bóyá ìkòkò aró ló já sí. Orí Jùbrílù ń wọ èjìká rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti ahun.

Ìgbà tó yá ni ẹsẹ̀ ọmọ iléèwé yọ, ó pọ̀, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì tó ti pupa fún iyẹ̀pẹ̀.

"Òun rèé! Ẹ wá, ẹ wá! Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ síbí!"

"Ìwọ Túbọ̀sún, kúrò níwájú mi, o ti ka tìẹ tán."

"Èyí tí mo kà ò ní ewé tó gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ti já a lọ. Haa, Ẹ̀fúùfù gbá Àpáta létí! Mo ti ń sọ pé ó máa gbá a létí!"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àpáta ò gbọ́ràn."

"Èmi, Elétí-Ọfẹ ni mo fẹ́ràn. Ìyá mi gan-an nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Jùbrílù di etí àpótí mú. Ohùn ọmọbìnrin kan wá dá sí i, ohùn tó mú bí abẹ.

"Ẹ̀yin ò tiẹ̀ sọ ti Ọ̀gànjọ́. Èmi ò lè sùn nítorí rẹ̀."

"Títílọlá, kí lo rí bẹ̀rù lára rẹ̀? Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ìwé lásán ni, ojú nìkan ló ní."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn! Òkùnkùn tí a mọ̀, a ó tan àtùpà sí i. Èyí tó funfun ńkọ́? Kí lo máa tàn sí i?"

Jùbrílù gbójú sókè. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìgbà kan rí bẹ̀rù Ọ̀gànjọ́ tirẹ̀, èyí tó dúdú.

"Ó dáa," Túbọ̀sún ní, "kí ló wá dé tí Ìmọ́lẹ̀ fi dúdú? Ìmọ́lẹ̀ kì í dúdú. Ẹni tó ṣe ìwé yìí ò gbọ́n."

"Ìwọ ni o ò gbọ́n," Títílọlá ní. "Ó dúdú nítorí pé òun ló ń fa òkùnkùn ìlú sára. Gbogbo èyí tó bá wà nínú ilé wa, lójú ọ̀nà wa, ó ń fi ara rẹ̀ nù ún kúrò, kí ọ̀dọ̀ tiwa lè mọ́. Ṣé bó o bá fi àkísà nu ilẹ̀, àkísà náà á tún mọ́ ni?"

Jùbrílù ṣàdéédéé wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó láìmira, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí itan, ọwọ́ dúdú yẹn, èyí tí òun ti ń wò láti ọjọ́ tó ti dáyé, tí aṣọ gbogbo aráyé ti ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹyẹ funfun àti adé funfun. Ìyá náà ń wò wọ́n. Bóyá ó ń ronú, bóyá kò ronú, Jùbrílù ò mọ̀.

Kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde, ó ya aṣọ sí méjì, ó jáde sójú oòrùn.

"Àṣìṣe ni," ó ní.

Àwọn ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. Títílọlá kéré ju ohùn rẹ̀ lọ. Ó gbé àpò ìwé kọ́ àyà, iwájú orí rẹ̀ yọ bí ẹni tó ń ronú ju bó ṣe yẹ lọ.

"Kí ló jẹ́ àṣìṣe, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ìmọ́lẹ̀. Funfun ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀gànjọ́ ló yẹ kó dúdú. Èmi ni mo gé e. Mo gé e bí ẹni fẹ́ fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́, ó yí padà. Kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìwé yìí?" Túbọ̀sún wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo ṣòkòtò rẹ̀ tí aró ti ta sí. "Irọ́ ni!"

"Òun ni," Sìlífátù sọ láti ẹ̀yìn aṣọ, láìyọjú.

Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Títílọlá nìkan ni kò kúrò. Ó rìn lọ síbi ewé kan lórí okùn, ó nàka sí i. "Bó bá jẹ́ àṣìṣe, kí ló dé tí Ọ̀gànjọ́ fi ń sá fún un níbí? Ẹ wo ojú rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé dúdú rẹ̀ máa ta sí òun lára. Bó bá fi ọwọ́ kan Ìmọ́lẹ̀, òun náà á di nǹkan, kò ní jẹ́ òfìfo mọ́."

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń gé e."

"Ó lè jẹ́ pé ẹ ò rò ó," ọmọ náà dá a lóhùn pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, "ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó funfun nínú ìwé kejì, Bọ̀ọ̀dá," Túbọ̀sún ní. "Akọni gidi a máa tàn."

"Bó bá funfun, mi ò kà á mọ́, mo sọ fún yín!"

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, àwọn kan tẹ̀lé Túbọ̀sún, àwọn kan tẹ̀lé Títílọlá, wọ́n ń bára wọn jiyàn lọ láàárín ọjà, wọn ò tilẹ̀ rántí kí Jùbrílù pé ó dàbọ̀. Ó ṣì ń gbọ́ wọn nígbà tí wọ́n dé ìdí ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́: dúdú, funfun, dúdú, funfun.

Ó padà sẹ́yìn aṣọ.

"O ti ba àgbékọ́ jẹ́," ìyá rẹ̀ sọ. "A kì í yọjú."

"Mo mọ̀, Ìyá mi. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín pàápàá, ohun tí wọ́n fẹ́ràn kì í ṣe tèmi, àṣìṣe ló bí i. Mo búra fún yín. N óò gbé pẹ́ńsù sílẹ̀."

Sìlífátù na ọwọ́, ó tún ewé kan tí atẹ́gùn ti yí po ṣe.

"Ìgbà tí mo wà lọ́mọge, mo gbé aṣọ kan sínú aró, mo fẹ́ kó jáde láwọ̀ ojú sánmà. Òjò dé, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo sunkún. Ìyá mi ní kí n gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á, bàbá rẹ ni. Èmi ò bi í pé kí ló rí. Ohun tó rí níbẹ̀ ló fi fẹ́ mi, òun ni mo sì ti ń jẹ láti ìgbà náà."

"Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìyá mi."

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò lọ. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó kọjá, ẹlẹ́yà nìyẹn. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó sì dúró, o ti mú un. O dàgbà sí ìdí ìsọ̀, o ò tíì mọ ìyẹn?" Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Páànù Ìyá Bùsírátù lo máa kọ́kọ́ gé tán o. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí ọ, mi ò gbọ́."

Jùbrílù dọ̀bálẹ̀ sáàárín ẹrù aṣọ, kò mọ̀ pé ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu òun.

Ẹ máa rò pé ohun tó kù rọrùn. Kò rọrùn. Ó gé páànù Ìyá Bùsírátù tán, ó gé ti àwọn mìíràn tó ti pẹ́, ó wá jókòó ti páànù òfìfo fún ìwé kejì, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Bó bá gé e bó ṣe mọ̀ ọ́n gé, Ìmọ́lẹ̀ á dúdú. Bó bá yí ọwọ́ padà, á funfun, bó ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí tó ti mọ̀, kò sí àṣìṣe mọ́ tó lè bá a yàn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn. Ó máa ń lọ dúró níwájú ìkòkò aró, á máa wo inú rẹ̀. Adétáyọ̀ ní kó ṣe ìdájì dúdú, ìdájì funfun, kí gbogbo ayé lè dákẹ́. Jùbrílù ní ayé ò ní dákẹ́, àti pé òun ò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Níkẹyìn, ó mú fóòmù àti yíǹkì, ó dán an wò lórí ìwé, ó dán an wò lórí aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó tó gbé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ó gé e ní dúdú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Ó kàn fi ohun kan kún un: ọwọ́ Ìmọ́lẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ó ju ara rẹ̀ yòókù lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni yíǹkì ń kọjá níbẹ̀.

Sìlífátù, ní tirẹ̀, kò da páànù ìwé kìíní nù. Ó ń ra ẹ̀kọ sí i, ó ń rẹ ẹ́, ó ń tà á, àwọn obìnrin sì ti ń pe bátànì náà ní Ojúmọ́. Lára aṣọ yẹn, Ìmọ́lẹ̀ funfun báláú, bí Jùbrílù ṣe kọ́kọ́ rò ó. Lójú ìwé, ó dúdú, bí Títílọlá ṣe rí i. Páànù kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ẹ má wulẹ̀ gba èyí gbọ́ láti ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti dé Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà, ẹ béèrè ìsọ̀ Sìlífátù ará Ìjemò, ẹ kí i ní àrẹ̀dú, kí ẹ gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ẹ mú ìwé náà dání pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ẹ fi ojú ara yín wò ó, kí ẹ sọ èwo nínú wọn ló ń tàn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ sókè dáadáa o, torí pé ẹnì kan lè wà lẹ́yìn àwọn aṣọ tó so rọ̀ yẹn.